Òkúta Kò Sí Ní Èkó

Òkúta kò sí ní Èkó.
Gbẹ́ ilẹ̀ dé ìbàdí, omi ni wàá bá;
gbẹ́ ẹ dé ọrùn, omi náà ni.
Lọ́rì ló ń gbé e wá lóru láti ọ̀nà Abẹ́òkúta,
wọn a dà á kalẹ̀ fún bàbá mi lẹ́nu géètì ìtẹ́ òkú Àtàn, ní Yábàá,
bí ẹni da iṣu sílẹ̀.

Ṣówẹ̀mímọ́ agbẹ́-òkúta. Orúkọ òkú ni iṣẹ́ rẹ̀.
Lẹ́tà kan, iye kan; ọjọ́ ìbí lọ́tọ̀, ọjọ́ ikú lọ́tọ̀.
Ó ní òun kì í gbẹ́ ẹkún mọ́ ọn,
owó ẹkún kò sí nínú ìṣirò.
Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti rọ̀,
tí àwọn olókùú ti lọ tán,
a jókòó ti òkúta kan tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀,
a máa wá lékèélékèé nínú rẹ̀.
"Ó wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ló fi dúró. Ẹ má pariwo."

Èmi, ọ̀dà ni tèmi.
Mo máa ń lọ sétí ọ̀sà lẹ́yìn Oko Bàbá,
níbi tí lẹ́búlẹ́bú pákó ti ń jó
láti ayé ìyá ìyá mi, tí kò jó tán.
Omi ibẹ̀ kì í ṣe búlúù.
Ẹni tó bá kùn ún ní búlúù, kò débẹ̀ rí.
Láàárọ̀ ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan àwo ẹ̀kọ;
lọ́sàn-án, idẹ tó ti pẹ́ lọ́wọ́;
bí òjò bá ṣú láti apá Ìkòròdú
a dúdú bí ìdí ìkòkò,
lékèélékèé kan a sì gba iwájú rẹ̀ kọjá.
Funfun yẹn, mi ò rí i rà rí ní ìsọ̀ kankan.

Mo gbé kánfáàsì lọ han bàbá mi.
Ó wò ó títí, ó fi àtàǹpàkò kan igun rẹ̀,
eruku òkúta lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù.
Inú bí mi. Mo fẹ́ ha á kúrò.
"Fi sílẹ̀," ó ní. "Omi rẹ ti ní ìsàlẹ̀ báyìí."

Máútín, ọmọ Ègùn tó ń wa yanrìn,
ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Ó yọrí lómi, garawa lọ́wọ́:
"Ọkọ̀ ńlá kan wà lọ́hùn-ún, yanrìn ló ń mu, yanrìn ló ń bì.
Ohun tí mo bù lọ́dún kan, kò tó ẹnu kan fún un."
Kí ọyẹ́ tó dé, ọ̀sà ti di ilẹ̀
títí dé ibi tí mo ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì.
Àwọn lékèélékèé dúró lórí yanrìn náà fún ọjọ́ mẹ́ta,
bí ẹni tó padà sílé, tó bá ògiri níbi ìlẹ̀kùn.

Ọdún yẹn náà ni bàbá mi kú.
Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló gbẹ́ orúkọ rẹ̀,
ó gbàgbé àmì abẹ́ Ṣ.
Bàbá ì bá bínú sí ìyẹn ju ikú lọ.
Mo mú ìṣó, mo mú òòlù, mo lù ú síbẹ̀ fúnra mi; ó wọ́ díẹ̀.
Gbogbo òkúta tí mo gbẹ́ láyé nìyẹn: tóótó kan.

Lékèélékèé rẹ̀ kò parí.
Ẹnu ti yọ, àti èjìká kan; ìyókù kò tíì jáde nílé.
Mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta,
níbi tí omi òjò ti ń já bọ́ láti ojú páànù.
N kò rò ó tẹ́lẹ̀; ibẹ̀ nìkan ló ṣófo.
Òjò ọdún mẹ́jọ ti kán sí i.
Lánàá, bí mo ṣe ń gbálẹ̀, mo rí i
pé kòtò kékeré kan ti wà níbi tí ojú ì bá wà.
Omi dúró nínú rẹ̀. Ọ̀run wà nínú omi náà.
Mi ò tíì mọ àwọ̀ tí màá pò fún un.